Orí mi wú lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí

Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ìròyìn kan tí mo kà ní wọ́n ń fi ìsinmi kọ́ ọmọdé ní taekwondo, eré ìjà ilẹ̀ Kòríà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta ìpá, l'Óṣogbo, ọwọ́ mi ni méjì ti kẹ́kọ̀ọ́. Orí mi wú gan-an! Nínú fọ́tò tó wà nínú ìròyìn náà, èyí tó kúnlẹ̀, tó ń bá ọmọ kékeré so bẹ́líìtì funfun ti olùbẹ̀rẹ̀, kì í lè gbójú sókè wo èèyàn nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ rò pé ìjà ìgboro la ń kọ́ wọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìtẹríba fún alátakò ló ṣáájú ìpá. Chika Chukwumerije gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà nínú taekwondo ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing lọ́dún 2008. Ọmọ Òṣogbo náà lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lágbára, kó bá wọn ra máàtì gidi, kọnkéré ti le jù fún eegun ọmọdé.