Bàlúùnù kò lè rọ́pò inhaler ọmọ

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé kí ọmọ tó ní asthma máa fẹ́ bàlúùnù láràárọ̀, kó sì pa inhaler tì. Irọ́ tó léwu ni. Ọmọ wo ni kò fẹ́ràn bàlúùnù? Àmọ́ mímí síta nìyẹn. Iṣan tó ń fa èémí wọlé ni ẹ̀rọ ìdánrawò èémí, èyí tí ọmọ ń fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ tipátipá, ń fún lágbára. Àwọn oníṣègùn á kọ́kọ́ wọn agbára tí ọmọ fi ń fa èémí sínú, wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ líle ẹ̀rọ náà láti nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 agbára yẹn. Ọmọ á jókòó tààrà, wọ́n á dí imú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ètè, iṣẹ́ òfo ni. Bó bá ń mí kíákíá jù, òòyì á kọ́ ọ.

Iṣan líle kì í wo ọ̀nà èémí tó wú. Inhaler ojoojúmọ́ ló wà fún ìyẹn. Bí àyà bá ń há a, ẹ dá ìdánrawò dúró, ẹ fún un ní inhaler ìpàjáwìrì; bí kò bá rọlẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.