Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí wọ́n fún wa lórí ọ̀rọ̀ ímeèlì tó ń pẹ́ jáde

Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ ráyè kọ̀wé. Ẹ ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, ń fà bí ìgbín, pé kóòdù ìwọlé tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín ti máa ń kú kó tó dé, àti pé ọmọ iṣẹ́ wa ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín bí ọlọ́pàá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí àwọn tó máa ka èyí kí wọ́n tó rajà, ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ pè. Nǹkan mẹ́ta péré ni ọmọbìnrin náà béèrè: ohun tí mailq (àṣẹ tó ń to lẹ́tà tí kò tíì lọ) gbé jáde, ìlà díẹ̀ nínú /var/log/mail.log (log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìrìn lẹ́tà), àti ohun tó wà nínú /etc/resolv.conf (fáìlì tó ń sọ nameserver, ìyẹn sáfà tó ń bá yín wá àdírẹ́sì). Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tó gé láàbọ̀ lẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọjọ́rú la tó rí log gidi gbà. Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Log yín náà ló wá tú àṣírí. Ìlà tó kan Gmail kà báyìí: delays=0.08/0.01/56/0.7. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àkókò tí lẹ́tà fi wọlé kó tó kan qmgr, apá tó ń to lẹ́tà sórí ìlà nínú Postfix (ètò tó ń fi ímeèlì yín ránṣẹ́), èkejì ni èyí tó fi dúró lọ́wọ́ qmgr. Ẹ̀kẹta ni wíwá àdírẹ́sì nínú DNS (ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì), kíkàn sí sáfà ọ̀hún, HELO (ìkíni sáfà sí sáfà) àti TLS (ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ). Ẹ̀kẹrin ni gbígbé lẹ́tà kọjá. Bó bá ṣe pé disk wa kún tàbí CPU wa ń mí hẹlẹ ni, méjì àkọ́kọ́ ni ìbá ga. Àpapọ̀ wọn lọ́dọ̀ yín ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ló wá jẹ ìṣẹ́jú àáyá 56? Nameserver àkọ́kọ́ tí Postfix yín ń bi léèrè ti kú. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ló fi ń dúró dè é kó tó kọjá sí èkejì. MX (orúkọ sáfà tó ń gba lẹ́tà) márùn-ún ni Gmail ní. Postfix á béèrè MX lẹ́ẹ̀kan, á tún béèrè A àti AAAA (àdírẹ́sì IPv4 àti IPv6) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ìbéèrè 11, ní 5-5, ó di 55. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo sì lẹ fún kóòdù yín!

Ẹ ní ẹ ti yí DNS padà, pé dig, àṣẹ tí wọ́n fi ń dán DNS wò, sì ń dáhùn wàrà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń mú èèyàn. Lórí Debian 12, ẹ̀yà Linux tí ẹ yàn, inú chroot (àhámọ́ tí ètò ò ti lè rí fáìlì òde) ni Postfix ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ̀dà tó wà ní /var/spool/postfix/etc/resolv.conf ló ń kà, ìgbà tí Postfix bá ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà náà. Ẹ tún ti òde ṣe, ti inú wà bó ṣe wà. Ẹ fi diff wo fáìlì méjèèjì, kí ẹ wá ṣe systemctl restart postfix. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi Spamhaus (àwọn tó ń to orúkọ àwọn tó ń fi spam ránṣẹ́) yọ spam, ẹ má fi 8.8.8.8, nameserver gbogboogbò ti Google, síbẹ̀ o. Wọn kì í fún irú nameserver gbogboogbò bẹ́ẹ̀ ní èsì gidi, kóòdù àṣìṣe ni wọ́n ń dá padà. Unbound, nameserver ti ara yín, lórí 127.0.0.1 (sáfà yín fúnra rẹ̀) ló dáa jù.

Ní ti lẹ́tà méjì tó há sínú mailq, 451 Greylisting ló wà níwájú wọn. Sáfà ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ló ní kí ẹ padà wá, Postfix kì í sì í padà kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 300. Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ò sí lọ́wọ́ wa.

Owó oṣù la ò ní dá padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan alẹ́ kan, ọmọbìnrin tí ẹ pè ní ọlọ́pàá yìí kan náà á fi unbound sí i, á tún Postfix bẹ̀rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Nameserver tó kú yẹn kì í sì í ṣe tiwa. Ti ilé iṣẹ́ tí ẹ ti kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ wa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bù fún wọn nínú ìràwọ̀ kan náà.