Àkísà Ló Ń Ka Fágúnwà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé wọ́n kàn fi òwe yìí ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni, àfìgbà tí mo tún ka Fágúnwà.

SS2 ni mo wà, ní Àkúrẹ́ níbí, mi ò fẹ́ràn bàbá yẹn rárá. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ là ń kà, èyí tó jáde ní 1938, tíṣà á ní ká dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ká kà á sókè, gbólóhùn kan ṣoṣo á gùn títí èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ, tóo bá sì kọsẹ̀, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà o, ìpínlẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá gba Ondo lọ Ifẹ̀ á kọjá níbẹ̀, síbẹ̀ lójú mi ó dà bí ará ibòmíì. Ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ló wá sú mi jù. Àwọn ọdẹ ti jà, wọ́n ti bá iwin pàdé, wọ́n ti dé Òkè Láńgbòdó, mo ní kí wọ́n gba ohun tí wọ́n wá gbà ká máa lọlé, ni wọ́n bá jókòó ti bàbá Ìrágbèje yìí fọ́jọ́ méje, ó ń gbà wọ́n níyànjú! Màámi ń gbà mí níyànjú láàárọ̀, wọ́n tún ń gbà mí nírọ̀lẹ́, mo wá dénú ìwé, ìyànjú náà ni. Mo fò ó. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni mo kà, mo sì páàsì.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi gbé ìwé kan náà wálé. Iná ò sí, Yorùbá kíkà sì ń nira fún un, mo ní kó mú un wá kí n kà á fún un. Bí mo ṣe ń kà á sókè lẹ́bàá làǹtánì ni gbólóhùn gígùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ, àṣé ó níbi tí wọ́n ti ń mí nínú ẹ̀, etí ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ká tó dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọmọ ti sùn. Èmi ò lè dúró. Màámi ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àtìgbà yẹn kò tíì sẹ́ni tó ní kí n jókòó kóun bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń wá bá báyìí, àbúrò, ọmọ, ọmọ àbúrò. Ẹni tó máa fọjọ́ méje gbáko gbà mí níyànjú! Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ ni mo gbà. Ibi tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, ti pa obìnrin tó dì mọ́ ọn pé kó má fòun sílẹ̀, a fò ó kọjá ní kíláàsì bí ẹní fo kòtò. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa ìwé dé, mo jáde sí bàrándà. Inú ń bí mi síbẹ̀.

1903 ni wọ́n bí Fágúnwà, tíṣà ni, ó ti tó ọmọ ọdún 35 kí ìwé yẹn tó jáde, òun náà ti lo aṣọ gbó díẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa á tì láti sẹ́kọ́ńdírì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé, ẹ kà á sókè, ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin lálẹ́ ti tó. Ẹ má sì bínú sọ́mọ tó bá ní ó sú òun, òótọ́ ló ń sọ.

Ọmọ tèmi náà ò parí ẹ̀. Mo ti bá a fi páálí dì í lẹ́yìn, ó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, níbi tọ́wọ́ ẹ̀ tó.