Ẹ Kú Oríire Báàjì O

Ẹ ti rí fótò yẹn náà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe ní rí i, torí kò sí gúrúùpù Wásáàpù tí kò dé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary tuntun tò lẹ́sẹẹsẹ, sùútù ń dán, pírẹ́sídẹ́ǹtì lápá ọ̀tún, gómìnà lápá òsì (gómìnà ẹgbẹ́ là ń wí o, kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń dìde fún un ẹ máa ṣì í mú), gbogbo wọn wá na àyà síwájú kí báàjì lè ríbi hàn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé iṣẹ́ ìsìn ọmọnìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kí wọn o. Tinútinú ni mo fi kí wọn. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèrànlọ́wọ́ káàkiri àgbáyé, kí la fẹ́ sọ sí i? Àfi ká ṣí fìlà. Ó wù mí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó wù mí bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè tí wọ́n ń búra, ohùn ń gbọ̀n. Kódà ó wù mí bí ẹnìkan nínú wọn ṣe búra tán tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun tún un búra, pé fídíò ò mú ohùn òun dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ báàjì yẹn ná.

Báàjì ọ̀hún ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni kí ẹni tó mú èèyàn wọ ẹgbẹ́ ki abẹ́rẹ́ ẹ̀ bọ kọ́là kóòtù, kó fi irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ há a, ó parí. Níbi tí mo wà lọ́jọ́ yẹn, kíláàbù kan nínú ẹgbẹ́ náà tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kọ́kọ́ gbé báàjì jáde lórí àwo, ẹnìkan gbé e, ẹlòmíì ń tẹ̀ lé e láti mójú tó ẹni tó gbé e. Oníkámẹ́rà ní ẹ dúró, òun ò tíì múra tán. A dúró. Wọ́n fi í sí i láyà. Oníkámẹ́rà ní orí ẹni tó ń fi í sí i bo ojú ẹni tí wọ́n ń fi í sí láyà, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un fi sí i. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún un fi sí i. Ìyàwó ọkùnrin náà ní òun náà fẹ́ kọ́wọ́ òun wà níbẹ̀, ni wọ́n bá tún yọ ọ́, ìyàwó ń tì í bọ aṣọ, ọkọ gbójú sókè bí ọmọdé tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni irin ẹ̀yìn ẹ̀ ti já bọ́, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ tábìlì àwọn èèyàn ńláńlá. Háà! Pírẹ́sídẹ́ǹtì kúnlẹ̀. Sẹ́kítírì nà gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú sùútù tuntun. Gómìnà fúnra ẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn, ó ń pariwo pé òsì, òsì, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan ṣoṣo tí mo rí kí ẹgbẹ́ yẹn ṣe tọkàntara nìyẹn, wọn ò bá ara wọn jà, wọn ò yan kọmitíì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì rí i.

Ẹ̀ ń rò pé báàjì ti parí. Kò tíì parí. Àtìgbà tí wọ́n ti fi í sí ọkùnrin yẹn láyà ni ọrùn ẹ̀ ò ti dúró nàró mọ́, kò sí ìṣẹ́jú tí kò tẹrí wò ó, ẹ̀ẹ̀kan á fi ìka kàn án, ẹ̀ẹ̀kan á fi àǹkáṣíìfù nù ún. Ẹnìkan fẹ́ dì mọ́ ọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ dá a dúró, ó ní rọra, báàjì mi. Nígbà tó máa wọ mọ́tò, bẹ́líìtì ìjókòó gba orí báàjì kọjá, ni bàbá bá yọ báàjì lápá òsì ó gbé e sápá ọ̀tún, ó dé ibi tó ń lọ ó tún dá a padà. Lọ́jọ́ kejì mo rí fótò míì tó gbé sí Facebook, ó wọ aṣọ eré ìdárayá, ó ń sáré, báàjì wà lọ́rùn aṣọ! Ta ló ń wò ó lójú títì láago mẹ́fà àárọ̀? Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa fi í sára aṣọ ìwẹ̀.

Ẹ wá bi ọ̀kan nínú wọn ní ìbéèrè kékeré kan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wíìlì ni báàjì àwọn Rotary yìí. Ẹ ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ihò onígun kékeré tó wà láàárín wíìlì yín yẹn wà fún? Ẹ máa rí bí ojú á ṣe máa lọ tá á máa bọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1905, wíìlì kẹ̀kẹ́ ẹrù lásán ni Montague Bear tó ń gbẹ́ àwòrán sára irin yà fún wọn. Nígbà tó yá ó di wíìlì ẹ̀rọ, eléyín 24, sípóòkì 6. Ni àwọn ẹnjiníà bá fárí gá, wọ́n ní wíìlì tí kò ní ihò tí irin ìdè máa ń wọ̀ láàárín kò lè di ọ̀pá ìdí ẹ̀ mú, pé á kàn máa yí lásán ni, kò ní gbé agbára lọ síbì kankan. Wọ́n wá gbẹ́ ihò yẹn sí i, nígbà tí ó fi máa di 1924 ó ti wà nínú àmì tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wíìlì tó ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe èyí tó ń yí fún ìgbádùn ara ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sí báàjì yín láti fi bá ọ̀lẹ wí lẹ̀ ń nù lójoojúmọ́ yẹn o.

Kí n má parọ́, inú ń bí mi, mo sì ní ìdí. Wọ́n pè mí sí mítìn yẹn láti wá sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ omi mímu. Mo jókòó mo kọ ọ̀rọ̀ mi, mo wá àwòrán kànga tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń gbẹ́ kànga kalẹ̀, tí wọ́n á ya fótò, tí páǹpù á bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì ní wá wò ó mọ́. Ìbúra, báàjì, ìwé ẹ̀rí, fótò gbogbo gbòò, fótò ìdílé, fótò àwọn tó mú wọn wá, fótò àwọn pírẹ́sídẹ́ǹtì àná. Nígbà tó kàn mí, sẹ́kítírì yìí kan náà, eruku abẹ́ tábìlì ṣì wà léékún ẹ̀, ló wá tẹ̀ sí mi létí pé àkókò ti lọ, ṣé mo lè fi gbólóhùn kan tàbí méjì kó gbogbo ẹ̀ jọ. Kànga! Kí n fi gbólóhùn kan kó kànga jọ! Kí n tó là ẹnu, ẹnìkan ti na fóònù sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ya èyí tó kẹ́yìn yìí." Mo yà á. Mo gé gbogbo wọn lórí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àbí ká sọ ti ìwé tí wọ́n fi ń ṣàfihàn wọn? Ẹni tó mú èèyàn wá á bọ́ síwájú, á máa kà á. Ó ní onínúure ni, ó ní ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ jìn fún aláìní ni, ó ní àwòkọ́ṣe ni. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ní ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n fi ń yẹ ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ sọ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wò. Herbert Taylor ló kọ ọ́ lọ́dún 1932, nígbà tó ń gbìyànjú láti yọ ilé iṣẹ́ tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù nínú gbèsè, ẹgbẹ́ sì gbà á wọlé lọ́dún 1943. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn ẹni tó ń ka ìwé yẹn gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé òótọ́ ni? Èmi ń wo ògiri, mo ń wo ọkùnrin náà, mo ń wo ògiri.

Orúkọ wọn náà ti di ọkọ̀ ojú irin. Rtn. (ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary) níwájú, Dókítà tẹ̀ lé e, Ẹnjiníà tẹ̀ lé ìyẹn, PHF lẹ́yìn. PHF yẹn, Paul Harris Fellow ni, Paul Harris tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ, ẹni tó bá dá 1,000 dọ́là fún àpò ìrànwọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń fún. Owó tó dára ni, mi ò bú owó, owó àkọ́kọ́ tó wọ àpò yẹn látọ̀dọ̀ kíláàbù Kansas City ò ju 26 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì lọ, wọ́n sì lò ó. Àmọ́ Paul Harris fúnra ẹ̀ ńkọ́? Lọ́yà ni. Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejì 1905, òun àti ẹni tó ń ta èédú, ẹnjiníà tó ń wa kùsà, àti télọ̀ kan ló jókòó ní ọ́fíìsì nọ́ńbà 711 nílé kan tí wọ́n ń pè ní Unity Building ní Chicago. Orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ẹni tó ń ta èédú ò ní kí wọ́n pe òun ní Èédú Àgbà.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ṣe? Ilé ìgbẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Lọ́dún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà fitafita kí ìlú Chicago lè ní ilé ìgbẹ́ tí gbogbo èèyàn lè lò, torí ẹni tó bá wá sáàárín ìgboro tí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n, ojú ẹ̀ ló máa rí i. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀yin alásokọ́ra wíìlì yìí ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà? Kí lẹ fẹ́ kọ sábẹ́ ẹ̀?

Àwọn kan jà kí wọ́n tó wọlé o. Kíláàbù Duarte ní California gba obìnrin mẹ́ta lọ́dún 1977, ẹgbẹ́ àgbáyé gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e nítorí ìyẹn, ẹjọ́ rìn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ọdún 1987 ni ìdájọ́ tó jáde tó gbè wọ́n, 1989 ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún obìnrin káàkiri ayé. Ilé ẹjọ́! Ọdún mẹ́wàá! Ìwọ ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ẹ jẹ́ pírẹ́sídẹ́ǹtì, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ẹlòmíì máa gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, iye èèyàn tó ní òun máa mú wọlé ò tíì pé, ló bá pè ẹ́ lórí fóònù pé ṣáà wá fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á ya fótò. O bi í pé aṣọ wo ni kóo wọ̀. O ò bi í pé kí lẹ fẹ́ ṣe.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń dùn mí nìyẹn, ẹ má bínú, ẹ̀rín ti tán. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí kọjú sí rọpárọsẹ̀ lọ́dún 1985, àwọn ọmọdé tó ń rọ kárí ayé kì í ṣe kékeré, ní 1988 wọ́n fojú bù ú sí 350,000 lọ́dún kan, ní orílẹ̀-èdè 125. Lónìí ó ti fi ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ta ló ṣe é? Àwọn tó gbé kúlà yìnyín kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń bẹ ìyá ọmọ, tí wọ́n ń ro oògùn méjì-méjì tó, tó sí ọmọ lẹ́nu tí ọmọ sì ń tu u dà sí wọn lára. Bí wọ́n bá fún ọmọ tán, wọ́n á fi íǹkì kun ìka ọmọńdinrín ẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ó ti gbà. Àmì tí mo mọ̀ pé ó sọ nǹkan nìyẹn, ara ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ló wà, kì í ṣe àyà ẹni tó ṣèrànwọ́. Ẹ̀yin wá gbé kárími àti afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀ dé, ẹ jókòó lórí iṣẹ́ ẹlòmíì, ẹ ń nu báàjì! Kò tì yín lójú? Ẹ tiẹ̀ ti lọ wo ọmọ kan ṣoṣo rí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mò ń jowú ni, pé ẹnikẹ́ni ò tíì fi báàjì sí èmi láyà. Ẹ máa sọ ọ́ o. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bú mi tán, ẹ bá mi kí àwọn tí wọ́n fi báàjì sí láyà lọ́jọ́ yẹn, torí akápò ẹgbẹ́ pè mí lánàá, ó ní owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ti pé wọ́n gbọ́dọ̀ san, òun fi ìránnilétí sí orí Wásáàpù, wọ́n sì ń kúrò ní gúrúùpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ṣé mo mọ ilé ẹni tó ń sáré láàárọ̀ yẹn.