Dídákẹ́ níwájú Ọlọ́run kì í ṣe àṣà àjèjì

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwa ará Abẹ́òkúta: pé Kristẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ gbàdúrà, àṣà ẹlẹ́sìn Búdà ló ń ṣe. Ìtara ló mú ẹni tó kọ ọ́, mo gbà, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí 1 Àwọn Ọba 19:11-13. Ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó. Olúwa kò sí nínú wọn. Ohùn kẹ́lẹ́ tó tẹ̀ lé e ni Èlíjà gbọ́ tó fi aṣọ bojú. Ẹ ka Máàkù 1:35 náà, níbi tí Jésù ti jí ní kùtùkùtù lọ dá gbàdúrà níbi tó pa rọ́rọ́.

Ohun tí a ò tètè rí ni pé dídákẹ́ yàtọ̀ sí sísọ ọkàn di òfìfo. Ẹni tó dákẹ́ ń retí Ẹnìkan. Ìyá mi ní Aké á ka ẹsẹ kan láàárọ̀, á pa Bíbélì dé lórí itan, á wá jókòó títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì á fi lù. Òun náà ló sì ń pariwo "Halelúyà" jù nílé àìsùn o!

Orin Dáfídì 46:10, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run," tí àwa náà fẹ́ràn láti fà yọ, ọ̀rọ̀ ogun ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ 9 kẹ́ ẹ tó lò ó.