Owó Ìrànwọ́ Arúgbó àti Akàndá ní Amẹ́ríkà: Ẹ Dá A Padà sí Bó Ṣe Wà

Ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pè ní SSI kò gbọdọ̀ ní ju 2,000 dọ́là lọ ní ìpamọ́. Tọkọtaya tó ń gbà á kò gbọdọ̀ ní ju 3,000 lọ. Láti ọdún 1989 ni gbèdéke yìí ti wà lójú kan. Bí oṣù tuntun bá wọlé, tí owó tó wà ní báńkì sì fi dọ́là kan péré kọjá iye náà, owó ìrànwọ́ oṣù yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Bí wọ́n bá ti san án kí wọ́n tó mọ̀, ó di gbèsè sí i lọ́rùn, wọn yóò sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ nínú ìwọ̀nba tó ń gbà lóṣooṣù.

A kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí irú òfin yìí ṣì wà. Kí àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè náà dá ètò yìí padà sí bí àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe gbé e kalẹ̀. Ohun tí à ń béèrè jù lọ nìyẹn.

Ààrẹ Richard Nixon ló fọwọ́ sí òfin tó bí SSI ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974. Kó tó dìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí arúgbó, afọ́jú àti akàndá tí kò rí jẹ yóò gbà. Ibi tí èèyàn bá ń gbé ló ń sọ bóyá yóò jẹun yó. Ìjọba àpapọ̀ wá gba ẹrù náà sórí, ó ní iye kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà dín sí. Lónìí, àwọn tó ń jẹ nínú ètò náà ti lé ní mílíọ̀nù 7: ẹni tó ti pé ọdún 65, afọ́jú, akàndá tí kò lè ṣiṣẹ́, títí kan àwọn ọmọdé akàndá tí òbí wọn jẹ́ tálákà.

Kò sẹ́ni tó dìde nílé ìgbìmọ̀ láti sọ pé kí wọ́n ya ètò yìí lulẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà ni wọ́n jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ láti abẹ́. Láti ọdún 1975 ni iye tí wọ́n ń san lóṣù ti ń bá ọjà gòkè, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn gbèdéke tó ń sọ ẹni tí yóò gbà á àti iye tí yóò kù sí i lọ́wọ́, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Ní ọdún 1974, èèyàn kan lè ní 1,500 dọ́là ní ìpamọ́. Ká ní iye yẹn bá ọjà rìn ni, nǹkan bí 10,000 dọ́là ni ìbá jẹ́ ní ọdún 2025. Dípò bẹ́ẹ̀, láti 1985 títí di 1989 ni wọ́n fi ọgọ́rùn-ún dọ́là lé e lọ́dọọdún títí tó fi di 2,000, wọ́n sì kúrò nídìí ẹ̀. Ohun tí òfin àkọ́kọ́ gbà kí tálákà ní, wọ́n ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láìsí ìbò kankan.

Bákan náà ni ti owó tó ń wọlé. Bí arúgbó bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì kékeré nídìí iṣẹ́ tó ti ṣe rí, 20 dọ́là nìkan ni wọn kì í kà mọ́ ọn. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n yọ ọ́ nínú SSI rẹ̀. Bí akàndá bá rí iṣẹ́ díẹ̀ ṣe, 65 dọ́là àkọ́kọ́ lóṣù ni wọ́n fojú fò, wọn yóò sì yọ ìdajì ohun tó bá ṣẹ́ kù. Iye ọdún 1974 náà nìyẹn, kò yí padà. Ká ní ó bá ọjà rìn ni, 20 yẹn ìbá ti lé ní 120, 65 ìbá sì ti lé ní 400.

Ohun tó dùn wá jù ni ohun tí òfin yìí ń kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tọ́jú owó. Òótọ́ ni pé wọn kì í ka ilé tí èèyàn ń gbé àti ọkọ̀ kan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí òrùlé ilé náà bá ń jò ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bá kọṣẹ́? Owó tí yóò tún un ṣe kò gbọdọ̀ pé sí i lọ́wọ́. Owó tí arúgbó bá yà sọ́tọ̀ fún ìsìnkú ara rẹ̀ pàápàá, 1,500 dọ́là ni wọ́n gbà fún un. Àgbàlagbà tó fẹ́ tọ́jú owó pósí rẹ̀ kí gbèsè òkú má bàa já lé àwọn ọmọ lórí, òfin ní kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ 2,000 rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àkáǹtì ABLE tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀ ti yanjú ìyẹn. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́ lóòótọ́, torí pé akàndá lè tọ́jú owó tó tó 100,000 dọ́là síbẹ̀ láìpàdánù SSI. Àmọ́ àìlera rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 26, èyí tí wọ́n sún sí 46 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Ẹni tó di akàndá ní ẹni àádọ́ta ọdún kò rí ibẹ̀ wọ̀. Arúgbó tí ọjọ́ orí nìkan sọ di aláìní kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìgbéyàwó ńkọ́? Ní ọdún 2025, iye tó pọ̀ jù lọ tí ẹnì kan lè gbà ni 967 dọ́là lóṣù. Bí ẹni méjì tó ń gbà á bá fẹ́ ara wọn, 1,450 ni wọn yóò máa gbà pọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n pàdánù 484 lóṣù torí pé wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tí wọn kò sì lè di tọkọtaya nítorí èyí. Kí sì ni 967 yẹn gan-an? Òṣùwọ̀n òṣì tí ìjọba náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún ẹni tó dá gbé lọ́dún yẹn lé ní 1,300 lóṣù.

Àwa Yorùbá a máa sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Lábẹ́ SSI, bí ìyá bá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láìsan owó ilé, wọ́n lè gé tó ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó rẹ̀. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ń ka oúnjẹ tí ọmọ fún un pàápàá sí owó tó wọlé. Wọ́n ti yọ ti oúnjẹ kúrò, a sì gbóríyìn fún wọn. Kí wọ́n yọ ti ilé náà.

Ní Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, àwọn aráàlú tí wọ́n jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kì í gba SSI rárá. Ọkùnrin kan tó kó láti New York lọ síbẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó SSI tó gbà níbẹ̀, tó lé ní 28,000 dọ́là, lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ní ọdún 2022, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìjọba láre pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, láṣẹ láti yọ erékùṣù náà sílẹ̀. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá láṣẹ láti yọ wọ́n, ó láṣẹ láti fà wọ́n mọ́ra.

Ẹni tó bá ní dídápadà kò ṣeé ṣe, kó wo ọdún 1997. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó gba SSI lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì tí wọ́n ní ìwé ìgbélùú, títí kan àwọn arúgbó tó ti ń gbà á. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi dá a padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wà nílùú kí òfin náà tó jáde.

Wọn yóò ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ àkáǹtì tálákà lóṣooṣù gan-an ń jẹ owó. SSI kò tó ìdá kan nínú ogún owó tí àjọ Social Security, tó ń bójú tó SSI àti owó ìfẹ̀yìntì, ń san fáwọn èèyàn, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó ọ́fíìsì àjọ náà ló ń gbà.

Sherrod Brown ti ẹgbẹ́ Democrat àti Bill Cassidy ti Republican jọ gbé àbá òfin kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, pé kí gbèdéke ìpamọ́ di 10,000 fún ẹnì kan àti 20,000 fún tọkọtaya, kó sì máa bá ọjà gòkè lọ́dọọdún. Ẹ fi 10,000 yẹn wé ohun tí 1,500 ọdún 1974 ìbá ti dà. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Brown ti kúrò nílé náà, àmọ́ àbá náà kò gbọdọ̀ bá a lọ. Kí àwọn aṣòfin gbé e síwájú ilé, kí wọ́n dìbò lé e ní gbangba, kí orúkọ ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ sì wà lákọsílẹ̀.