Ẹyẹlé Tó Yọ Wọ́n Lójú Kò Sí Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo máa ń bá ka iṣẹ́ rẹ̀ fi ìtàn kúkúrú kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Cinderella ló tún kọ, ìtàn ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fìyà jẹ, tí ọmọ ọba fi bàtà mọ̀ ọ́n, ó sì kọ ọ́ dáadáa: òkùnkùn biribiri, ilé tó kún fún eérú, bàtà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu bí ọmọ tó ń mu ọyàn. Mo jókòó tì í títí mo fi kà á tán. Ìgbà tí mo wá padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, tí mo rí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí mo ti fò dá tẹ́lẹ̀, ni inú bí mi. Ó ní, "Bí ìtàn yìí ṣe rí gan-an nìyí, kí àwọn onísinimá tó da ṣúgà sí i fún ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù di ìtàn abanilẹ́rù, àfi kó sọ ọ́: pé ojúlówó ìtàn náà ló burú jù, pé bí èèyàn bá ṣe ń da ẹ̀jẹ̀ sí i ló ṣe ń sún mọ́ orísun. Wọ́n á wá pe orúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm, Jacob àti Wilhelm, àwọn ará Jámánì tó kó ìtàn àtijọ́ jọ sínú ìwé, bí ẹni ń pe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí wọn fẹ́ wí.

Ká mú Cinderella fúnra rẹ̀. Ọdún 1697 ni Charles Perrault, òǹkọ̀wé ará Faransé, tẹ tirẹ̀ jáde ní Paris. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàtà onígíláàsì ti wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni elégédé tó di kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti wá, àti ìyá ìsàmì tó jẹ́ iwin. Báwo ló ṣe wá parí? Àwọn ọmọ ìyàwó bàbá Cinderella wólẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ó fà wọ́n dìde, ó dì mọ́ wọn, ó ní òun ti dárí jì wọ́n tọkàntọkàn. Ó kó wọn wá sí ààfin, ó sì fi wọ́n fún ìjòyè ńlá méjì lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí ẹyẹ, ojú ẹnikẹ́ni ò fọ́.

Ọdún 1812 ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé ìtàn àwọn Grimm jáde ní Jámánì, ìyẹn ọdún 115 lẹ́yìn Perrault. Sinimá Disney ti 1950 tí gbogbo wa mọ̀, ti Perrault ni wọ́n gbé ka iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: èyí tí wọ́n ní wọ́n da ṣúgà sí gan-an ló ti inú ìwé tó dàgbà jù wá. Èyí tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ni àbúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ti Grimm. Ìyá fi ọ̀bẹ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀kan gé gìgísẹ̀, èkejì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí bàtà lè gbà wọ́n. Ẹyẹlé ń kọrin pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà, ọmọ ọba sì ń dá ìyàwó èké padà sílé. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé 1812. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe parí nínú ìwé 1812 yẹn kan náà. Ẹ̀rù ba ìyàwó bàbá àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ojú wọn rẹ̀ wẹ̀sì, ọmọ ọba mú Cinderella lọ, ẹyẹlé kọrin pé ìyàwó òdodo ló ń mú lọ sílé yìí. Ó parí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan wọn.

Inú ìtẹ̀jáde kejì, ní 1819, ni ẹyẹlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lójú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wá bá wọn jẹ oríire, wọ́n rìn tọ tọkọtaya náà, ẹ̀gbọ́n lápá ọ̀tún, àbúrò lápá òsì. Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyẹlé yọ ojú kọ̀ọ̀kan lórí wọn. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ti bọ́ sí òsì, àbúrò ti bọ́ sí ọ̀tún, ẹyẹlé sì yọ èyí tó kù. Ẹ kíyè sí ìṣirò ọ̀hún, bí wọ́n ṣe pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kí ojú kejì lè kángun sí ẹyẹ. Ẹni tó jókòó ti tábìlì, tó ní gègé lọ́wọ́, tó ń ronú, ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn sì ni gbogbo wọn máa ń nawọ́ sí pé, "Ẹ ò rí i bí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣe rí!"

Èmi náà ti kó sínú ọ̀fìn yìí rí, kí n má purọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ìtàn kan lórí Rumpelstiltskin, ọkùnrin kúkúrú tó ń fi koríko gbígbẹ ran òwú wúrà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lórí: inú bí i, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún janlẹ̀ títí ó fi rì dé ìbàdí, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ òsì mú, ó fa ara rẹ̀ ya sí méjì. Mo kà á fún àwọn èèyàn níbi ìpàdé kan, mo sì fi ìgbéraga sọ pé n kò fi ohunkóhun kún un, pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìtẹ̀jáde wo?"

Ìtẹ̀jáde wo kẹ̀? N kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ. Mo fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín náà ò sì bo nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ẹ̀dà 1812 rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú lẹ́tà Jámánì àtijọ́ tó dà bí ẹ̀gún, mo wá ń fi ìwé atúmọ̀ èdè tú u díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà pariwo pé èṣù ló sọ orúkọ òun fún olorì. Lẹ́yìn náà ó fi ìbínú sá lọ, kò sì padà wá mọ́. Ó sá lọ ni o! Kò fa ara rẹ̀ ya. 1819 náà ló ya á. Ìgbẹ̀yìn tí mo gbé gbogbo ìtàn mi lé lórí, Wilhelm Grimm ló ti ṣe é sílẹ̀ dè mí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìwé àwọn Grimm kì í ṣe ìwé kan. Ìgbà méje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti 1812 sí 1857, Wilhelm ló sì ṣe púpọ̀ jù nínú àtúnṣe rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ráhùn sí ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ pé kò yẹ fún ọmọdé. Ó gbọ́ wọn. Kí ló wá yọ kúrò? Oyún. Rapunzel, ọmọbìnrin tí ìyá àgbà kan tì mọ́ ilé gogoro, tí ọmọ ọba ń yọ́ wá bá níbẹ̀, béèrè nínú ìwé 1812 pé kí ló dé tí aṣọ òun ń há mọ́ òun, ẹni tó bá gbọ́ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé gogoro yẹn. Nígbà tó yá, Wilhelm yí i padà, ó ní ọmọ náà kàn béèrè ìdí tí ìyá àgbà fi wúwo láti fà sókè ju ọmọ ọba lọ. Ìyá tó bí Snow White, tó fẹ́ pa á, di ìyàwó bàbá ní 1819. Ṣùgbọ́n bàtà irin gbígbóná tí wọ́n fi mú obìnrin náà jó títí ó fi kú, ó wà ní 1812, wọ́n sì fi í sílẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló ń jáde lójú fèrèsé, ìyà ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Òótọ́ ni pé wọ́n yọ ìtàn burúkú kan tàbí méjì pátápátá, bíi ti àwọn ọmọ tó ń ṣeré alápatà. Mo gbà.

Kò sì yà mí lẹ́nu pé ìyà ń pọ̀ sí i. Mo ka ìparí Perrault fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti ń tòògbé. Ìgbà tí mo dé ibi ìdáríjì, ó dìde jókòó lórí ibùsùn. "Wọn ò jẹ wọ́n níyà?" Mo ní rárá, ó dárí jì wọ́n ni. Ó wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ó ní kí n tún un sọ, kí ajá gé wọn jẹ. Ọmọdé tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ẹ̀jẹ̀ kúrò! Ní 1825, wọ́n ṣa 50 nínú àwọn ìtàn Grimm sínú ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọdé. Cinderella wà níbẹ̀.

Wọ́n á ní Basile ńkọ́, ará Naples tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1634 sí 1636, tí Cinderella tirẹ̀ fi ọmọrí àpótí ṣẹ́ ìyàwó bàbá lọ́rùn? Wọ́n á ní Ọmọbìnrin Onífìlà Pupa ńkọ́, tí ìkookò gbé mì nínú ti Perrault tí ìtàn sì tán síbẹ̀, tó jẹ́ pé ọdẹ ló wá gbà á là nínú ti Grimm? Ó dáa, méjì nìyẹn, wọ́n sì jẹ́ òótọ́. N kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò sí láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tó dàgbà jù la ń wá, ẹ jẹ́ ká lọ síwájú ju Perrault lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, Egbert, olùkọ́ kan ní Liège, kọ ewì kékeré kan ní èdè Látìn. Ọmọbìnrin ọdún márùn-ún wọ aṣọ pupa tí bàbá ìsàmì rẹ̀ fún un. Ìkookò gbé e lọ sínú igbó fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìkookò náà kò lè fà á ya, orí rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa. Ọmọ náà sì ń bá wọn wí, ó pè wọ́n ní èkúté, ó ní kí wọ́n má ya aṣọ tí bàbá ìsàmì òun fún òun. Ó ju 600 ọdún ṣáájú Perrault lọ, ohun tó sì ń ká ọmọ náà lára níwájú ìkookò ni pé kí aṣọ òun má ya. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, pé aṣọ pupa nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti dá iṣẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà padà fún un. Mo fi bírò pupa fa ìlà la ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo kọ "1819" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí bàtà ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, n kò fọwọ́ kàn án. Òun ló kọ ìyẹn.